Bí Ará Ìlú Ṣe Lè Máa Ṣọ́ Igi Ìjọba Láàárín Ìlú

Igi tó wà létí títì, nínú ọgbà ìgbafẹ́, ní ọgbà ilé ìwé ìjọba àti lẹ́bàá odò tó gba àárín ìlú kọjá, owó ará ìlú ni wọ́n fi gbìn ín, owó ará ìlú ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, owó ará ìlú náà ni wọ́n sì máa san fún ẹni tó bá wá gé e lulẹ̀. Síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìlú, ìgbà tí ariwo ayùn bá sọ láàárọ̀ ni àwọn tó ń gbé àdúgbò máa ń mọ̀ pé àwọn kan ti jókòó dá igi wọn lẹ́jọ́. Ìwé ti jáde, agbaṣẹ́ṣe ti gbowó, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò díjú: àkọsílẹ̀ ló ń gba igi sílẹ̀. Àdúgbò tó bá ti ka igi rẹ̀, tó mọ ìwọ̀n àti ìlera ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ti ń béèrè ìwé kí wàhálà tó dé, kì í rọrùn fún ìjọba láti tì í sẹ́yìn. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ohun èlò tó gbà ni okùn ìwọ̀n tí télọ̀ ń lò, fóònù tó ń ya fọ́tò, ìwé àti báírò. Sùúrù ló wọ́n níbẹ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹni tó ni igi àti òfin tó dè é

Igi méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí olówó wọn má jẹ́ ọ̀kan. Èyí lè jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, tọ̀hún lè jẹ́ ti àjọ tó ń bójú tó títì, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná sì lè ní ẹ̀tọ́ láti gé ẹ̀ka tó bá kan wáyà láìjẹ́ pé àwọn ló ni igi náà. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò kàn, wọn á kàn máa tì yín láti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn.

Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ wá ìdáhùn sí. Ta ló ni igi yìí? Ta ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gé e? Ṣé dandan ni kí wọ́n kéde fún ará ìlú, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi kéde ṣáájú? Bí ará ìlú kò bá fara mọ́ ìpinnu náà, ọ̀dọ̀ ta ló lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí? Ìbéèrè kẹrin yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n máa ń nílò jù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe tò ó. Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà, òfin igi ìgboro tí wọ́n ṣe ní 1975 ló sọ pé kí ìlú bíi Mumbai ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí igi, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ní Amẹ́ríkà, láti 1976 ni ètò kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Tree City USA. Ìlú tó bá fẹ́ gba orúkọ náà gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tàbí ẹ̀ka tó ń bójú tó igi, kó ní òfin igi, kó máa ná ó kéré tán dọ́là 2 lórí igi fún orí ará ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́dún, kó sì máa ṣe àyájọ́ igi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìlú yín náà ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, àti bóyá wọ́n fi àga sílẹ̀ níbẹ̀ fún ará ìlú. Mo ti rí i pé irú àga bẹ́ẹ̀ máa ń ṣófo fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí pé kò sẹ́ni tó béèrè fún un. Ẹ béèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka igi yín

Ní New York, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ka igi ojú pópó. Wọ́n kà á ní 1995, ní 2005 àti ní 2015. Ní ti 2015, àwọn ará ìlú tó lé ní 2,200 ló yọ̀ǹda ara wọn láti bá ìjọba kà á, igi tí wọ́n rí sì lé ní 660,000. Àbájáde rẹ̀ wà lórí máàpù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè ṣí i, kó tẹ igi iwájú ilé rẹ̀, kó rí irú igi tó jẹ́ àti bó ṣe tóbi tó.

Kò di dandan kí ẹ ka gbogbo ìlú. Òpópónà kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí ìjọba bá ti kan nọ́ńbà mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, tiwọn ni kí ẹ lò, kí ẹ̀yin àtàwọn lè máa sọ̀rọ̀ nípa igi kan náà.

Bí wọ́n ṣe ń wọn igi ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rèé: ẹ gbé okùn ìwọ̀n yí ara igi ká ní mítà 1.3 láti ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dagun, apá òkè ni kí ẹ ti wọn mítà 1.3 náà. Ẹ fi 3.14 pín ohun tí okùn bá sọ, ìbú igi nìyẹn. Ìbú yìí ṣe pàtàkì gan-an, a ó rí iṣẹ́ tó ń ṣe níwájú.

Bí àkọsílẹ̀ igi kan ṣe lè rí rèé:

*Igi 14. Iwájú ilé ìkàwé, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Àyíká ara: sẹ̀ǹtímítà 188. Ìbú: sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ̀ka ńlá kan ti kú lápá ìwọ̀ oòrùn. Èèpo bó nídìí, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó jọ ibi tí ọkọ̀ ti gbá a. Ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, èèpo tuntun ti ń bò ó láti ẹ̀gbẹ́. Síméǹtì há ìdí rẹ̀ mọ́ lápá títì. Kò sí olú. Fọ́tò mẹ́rin.*

Fọ́tò mẹ́rin náà ni: odindi igi láti òkèèrè, ìdí rẹ̀, ibi tí àwọn ẹ̀ka ti pínyà, àti ibi tó bá ní ọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ohun kan tí kì í kúrò níbẹ̀, bí ògiri tàbí òpó iná, wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ojú kan náà ni kí ẹ dúró sí, nínú oṣù kan náà. Igi tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ kì í hàn sí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò ọdún mẹ́ta tí ẹ bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò sọ ọ́.

Ẹ ka kùkùté igi tí wọ́n ti gé pẹ̀lú, kí ẹ sì ka ihò òfìfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín síméǹtì fún igi tí wọn ò gbìn mọ́. Àwọn tó ń ka igi sábà máa ń fò wọ́n, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí wà pé ìlú ń pàdánù igi.

Bí orúkọ irú igi kan bá ṣòro fún yín, ẹ ya fọ́tò ewé, òdòdó àti èso rẹ̀, kí ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti ní tó igi bí ọgọ́rùn-ún lórí ìwé, ẹ lè wo bí wọ́n ṣe pín sí. Ní 1990, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Frank Santamour, dábàá òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìlú ń lò títí dòní: kí irú igi kan ṣoṣo má kọjá ìpín 10 nínú 100 igi ìlú, kí àwọn tó bá ara wọn tan pẹ́kípẹ́kí má kọjá 20, kí ìdílé igi kan má sì kọjá 30. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò tàbí àrùn kan ṣoṣo lè pa gbogbo irú igi kan run. Ní 2002, wọ́n rí kòkòrò kan tó wá láti Éṣíà ní Michigan, tó ń gbẹ́ abẹ́ èèpo igi tí wọ́n ń pè ní ash. Láti ìgbà náà, ó ti pa igi ash ní àìmọye mílíọ̀nù, àwọn òpópónà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n gbìn síbẹ̀ sì di àgbàlá gbalasa. Bí ìwé yín bá fi hàn pé irú igi kan ló gba ìdajì òpópónà, ọ̀rọ̀ gidi lẹ ní láti bá ìgbìmọ̀ ìlú sọ yẹn, kódà bí gbogbo igi náà bá le koko lónìí.

Òṣùwọ̀n mìíràn wà tó rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa igi. Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igi ìlú, ló gbé e jáde ní 2021: kí èèyàn lè rí igi 3 láti inú ilé rẹ̀, kí ibòòji igi bo ìpín 30 nínú 100 àdúgbò, kí ọgbà ìgbafẹ́ tó sún mọ́ ọn jù má sì jìn ju mítà 300 lọ. Ẹ fi wọn àdúgbò olówó àti àdúgbò mẹ̀kúnnù nínú ìlú kan náà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ ojú yín láti mọ igi tó ń ṣàìsàn

“Igi náà léwu.” Gbólóhùn yìí ni wọ́n sábà máa fi ń gé igi. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ igi ìlú gbọ́dọ̀ lè mọ̀yàtọ̀ dé ìwọ̀n àyè kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò gbà, tàbí kó máa tako gbogbo rẹ̀, èyí tó burú tó ìyẹn.

Àwọn baba wa ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró níbi tí ẹ ti lè rí odindi igi. Ṣé ewé kún orí rẹ̀ dọ́gba, tàbí apá kan ti pá? Ṣé àwọn ẹ̀ka òkè pátápátá ti gbẹ? Ṣé ó dagun? Igi tó ti dagun láti kékeré máa ń tẹ orí rẹ̀ padà sókè, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì máa ń le. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dagun, tí ilẹ̀ ti là tàbí tó ti wú lápá kejì, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ pe ìjọba lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ọn. Níbi tí igi ti wọlẹ̀, ó yẹ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń di gbòǹgbò. Bó bá wọlẹ̀ gbọọrọ bí òpó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ tàbí síméǹtì bò ó. Ẹ wá olú. Olú líle tó yọ bí pẹpẹ lára igi tàbí nídìí rẹ̀ ń sọ pé nǹkan ń jẹra nínú, bí èèpo tilẹ̀ dán lóde. Ẹ wo ibi tí ara igi ti pín sí méjì: bí ó bá ṣí bí àwo, ó sábà máa ń lágbára; bí ó bá há bí ìka méjì tó fún ara wọn pọ̀, tí èèpo sì ti wọ àárín wọn, ibẹ̀ ló ti máa ń fà ya lọ́jọ́ ìjì. Ihò nìkan kò tó láti dá igi lẹ́jọ́ ikú. Igi tó ní ihò nínú, tí ara tó yí i ká ṣì nípọn tó sì le, lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyẹ a sì máa gbé inú rẹ̀.

Ẹ tún kọ́ láti mọ ọwọ́ agégi tí kò mọṣẹ́. Níbi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi, òrùka kan wà tó wú díẹ̀. Ìta òrùka náà gẹ́lẹ́ ló yẹ kí ayùn ti kọjá. Bí wọ́n bá gé e wọ inú ara igi, ọgbẹ́ náà kò ní lè di. Bí wọ́n bá fi kùkùté ẹ̀ka sílẹ̀, yóò jẹrà wọlé. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n gé gbogbo orí igi kúrò, kó ku ìtì nìkan. Igi náà yóò hu ẹ̀ka wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kíákíá, àwọn èèyàn á sì rò pé ara rẹ̀ ti yá, bẹ́ẹ̀ ojú igi tó ń jẹrà ni àwọn ẹ̀ka tuntun náà so mọ́, bí wọ́n bá sì tóbi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Bí ẹ bá rí òpópónà kan tí wọ́n ti ṣe gbogbo igi rẹ̀ báyìí, ẹ ya á ní fọ́tò, kí ẹ sì béèrè orúkọ agbaṣẹ́ṣe tó ṣe é àti ìwé tó fi hàn pé ó kọ́ iṣẹ́ náà.

Fún igi tí àríyànjiyàn bá wà lórí rẹ̀, ẹ dá owó jọ láti gba onímọ̀ igi tí kì í jẹun lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe náà. Bí onímọ̀ náà bá ní igi ọ̀hún gbọ́dọ̀ lọ, ẹ gbà, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde. Ẹni tó ti gbà láàárín ìgboro pé igi kan yẹ kó wó ni wọ́n máa gbà gbọ́ nígbà tó bá ní èyí tó kù kò yẹ kó wó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ béèrè ìwé kí ayùn tó dé

Ìtàn Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀. Ní 2012, ìgbìmọ̀ ìlú náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọlọ́dún 25 láti tún àwọn títì ṣe àti láti máa tọ́jú wọn, igi ojú pópó sì wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi ń rí i pé igi tí nǹkan kan kò ṣe ń lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, àwọn agégi dé Rustlings Road kí ilẹ̀ tó mọ́, ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì mú àwọn kan lára àwọn tó jáde, títí kan àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 2018 ni ará ìlú tó mọ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn náà: pé iye igi tí wọ́n fojú sùn láti gé kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò jẹ́ 17,500, nínú nǹkan bí 36,000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti lọ nígbà náà. Gígé náà dúró lọ́dún yẹn, wọ́n jókòó jíròrò, ọ̀pọ̀ igi sì bọ́ lọ́wọ́ ayùn. Ní 2023, ìwádìí olómìnira dá ìgbìmọ̀ ìlú lẹ́bi, ìgbìmọ̀ náà sì tọrọ àforíjì.

Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àti ìgbà tí ará ìlú rí iye náà. Nítorí náà, ìwé àdéhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ó lé ní 100 orílẹ̀-èdè tó ní òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba. Sweden ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ní 1766. Ẹ wá òfin tiyín, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú lẹ́tà.

Bí ìwé náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ibi tí owó wà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Báwo ni agbaṣẹ́ṣe ṣe ń gbowó? Bó bá jẹ́ pé iye igi tó bá gé ni wọ́n fi ń san án, ẹ ti mọ ohun tí yóò máa wá. Bó bá jẹ́ iye owó kan tí kì í yí padà ló ń gbà láti tọ́jú títì àti igi fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi ńlá tí gbòǹgbò rẹ̀ ń gbé síméǹtì yóò di ẹrù lójú rẹ̀, ó sì lè rọrùn fún un kó gé e ju kó tún síméǹtì ṣe léraléra lọ. Gbòǹgbò tó gbé ilẹ̀ kò túmọ̀ sí pé igi gbọ́dọ̀ lọ: wọ́n lè yí etí títì gba ẹ̀gbẹ́ ìdí igi, wọ́n lè fi ohun tó rọ̀ rọ́pò síméǹtì níbẹ̀, wọ́n sì lè gbé ojú ọ̀nà ga díẹ̀ kí gbòǹgbò lè ráyè. Ẹ béèrè bóyá wọ́n gbé àwọn ọ̀nà yìí yẹ̀ wò, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná wọn.

Lẹ́tà tí ó dára máa ń kúrú:

*Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ọgbà àti Igi.*

*Ẹ jọ̀wọ́, a fẹ́ gba ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí igi 14, 15 àti 17:*
*1. ìwé àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti ipò ẹni tó ṣe é;*
*2. ìdí tí wọ́n fi fẹ́ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan;*
*3. ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, àti iye tó máa ná wọn;*
*4. ìwé àṣẹ tí wọ́n fi fẹ́ gé e;*
*5. irú igi tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, ibi tí wọ́n máa gbìn ín sí, àti ìgbà tí wọ́n máa gbìn ín.*

*A ń retí èsì yín láàárín iye ọjọ́ tí òfin là sílẹ̀.*

Ìbéèrè kan fún ìlà kan, kí ẹni tó ń dáhùn má lè fi ọ̀kan pa ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti rí i gbà, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, bí ọjọ́ tí òfin fi sílẹ̀ bá sì pé láìsí èsì, ẹ kọ òmíràn lọ́jọ́ kejì. Má-jẹ̀ẹ́-kó-sinmi ni lẹ́tà kíkọ. Nígbà tí ìjọba Kẹ́ńyà fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú Uhuru Park, ọgbà ìgbafẹ́ àárín ìlú Nairobi, ní 1989, lẹ́tà ni Wangari Maathai, obìnrin ará Kẹ́ńyà tó ń jà fún igi, fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí àwọn aláṣẹ nílé, ó kọ ọ́ sí àwọn tó wà lókè òkun. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín gan-an. Wọn ò kọ́ ilé náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí àwọn agégi bá ti dé

Ẹ kí wọn dáadáa, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń wá. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà igi tó wà nínú rẹ̀ bá èyí tí wọ́n dúró tì mu. Àṣìgé máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà, nọ́ńbà ọkọ̀ wọn àti igi náà. Bí ìtẹ́ ẹyẹ tó ní ẹyin tàbí ọmọ bá wà lórí rẹ̀, ẹ ya ìyẹn náà, torí pé òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kò gbà kí wọ́n dà á rú. Ẹ má wọ abẹ́ igi tí ayùn ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá máa dé ilé ẹjọ́, kí ìwé ti wà lọ́wọ́ lọ́yà ṣáájú. Ní Aarey, igbó kan ní Mumbai, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá 2019, ilé ẹjọ́ gíga da ẹjọ́ àwọn tó ń dáàbò bo igi nù. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi máa dá wọn dúró lọ́jọ́ 7, igi tó ti lọ lé ní 2,000.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé

Igi tí wọ́n pa láìgé pọ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò páìpù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á to yanrìn àti òkúta sórí gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á da omi síméǹtì sídìí rẹ̀. Ọdún kejì tàbí ìkẹta ni yóò tó máa gbẹ, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe ti lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ gbòǹgbò kì í jìn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 lọ nínú ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tàn lọ.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí wọ́n fi 12 sọ ìbú igi di púpọ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ ààyè náà láti àárín igi lọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Igi 14 wa tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 nílò mítà 7.2 yí ká. Ọgbà gbọ́dọ̀ yí i ká kí ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ gbé okùn ìwọ̀n lọ, kí ẹ wọn ibi tí wọ́n ri ọgbà sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tẹ̀ lé ọmọ igi tí wọ́n gbìn

Níbí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo agbára yín jù, torí ibẹ̀ ni irọ́ ti ń rọrùn jù. “A gé ẹyọ kan, a máa gbin méjì.” Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ igi tí wọ́n sábà máa ń gbìn lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Bí ẹ bá gé igi 14 ní àgékù, ojú rẹ̀ tó ti ọmọ igi bẹ́ẹ̀ 225. Méjì kò lè dípò rẹ̀, àfi lórí ìwé. Nítorí èyí ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní London fi ń lo ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní CAVAT, tó ń fi iye owó sí igi ńlá gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ìlú, kí ẹni tó bá bà á jẹ́ lè mọ ohun tó jẹ ìlú.

Ẹ lọ wo ọmọ igi kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù tí wọ́n gbìn ín. Ṣé ìdí rẹ̀ hàn lókè ilẹ̀ tàbí wọ́n rì í wọlẹ̀ jù? Ṣé wọ́n ti já ọ̀rá àti okùn tí wọ́n fi dì í wá? Ṣé ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi tí wọ́n fi bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀ díẹ̀, àbí wọ́n kó o jọ yí i ká bí ebè? Ebè yẹn máa ń jẹ́ kí èèpo igi jẹrà. Ta ló ń bu omi rin ín, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ọmọ igi nílò omi déédéé fún ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ padà lọ wo okùn tí wọ́n fi so ó mọ́ igi àtìlẹ́yìn. Mélòó nínú wọn ni okùn náà ti wọ̀ lára, tó ti gbẹ́ ojú sí èèpo yí i ká, nítorí pé kò sẹ́ni tó padà wá tú u!

Ẹ ka àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ gbé iṣẹ́ síta, ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ ìlú kí wọ́n dá apá kan owó agbaṣẹ́ṣe dúró títí ọdún kẹta, kí iye igi tó bá wà láàyè sì jẹ́ òṣùwọ̀n ohun tó máa gbà. Nínú gbogbo àbá tí ará ìlú lè mú wá, èyí ni mo rò pé ó ń gba igi là jù, kò sì ná ìlú ní kọ́bọ̀ kan lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pín owó

Ẹ béèrè oṣù tí ìgbìmọ̀ ìlú máa ń jókòó lórí ètò ìṣúná, kí ẹ múra sílẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Wọ́n sábà máa ń fún ará ìlú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ní ìjókòó gbangba, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹnì kan sọ. Kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí omi, kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí kùkùté.

Ẹ ṣe ìròyìn olójú ewé kan lọ́dọọdún. Ní Washington, ẹgbẹ́ Casey Trees máa ń fún ìlú náà ní máàkì lórí igi bí olùkọ́ ṣe ń fún ọmọ ilé ìwé, àwọn oníròyìn sì máa ń gbé e. Tiyín lè má ní máàkì. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni: iye igi tí ẹ kà, iye tí wọ́n gé àti iye tí wọ́n ní ìwé fún, iye kùkùté àti ihò òfìfo, iye ọmọ igi tí wọ́n gbìn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn àti iye tó ṣì wà láàyè, iye lẹ́tà tí ẹ kọ àti iye tí wọ́n dáhùn. Ẹ fi fọ́tò igi kan náà lọ́dún méjì sí i. Ẹ fún ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan kí wọ́n tó jókòó, ẹ fún àwọn oníròyìn, kí ẹ sì fi ọ̀kan sí ilé ìkàwé ìlú, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín lè mọ ibi tí ẹ bá a dé.